Ìdí Tí Fáànù Kan Ṣoṣo Fi Ń Jíṣẹ́ Nínú Àpótí Kọ̀ǹpútà

Láyé ọjọ́un, nígbà tí irin ṣì ń fọhùn tí ike sì ń dá a lóhùn, àwọn fáànù inú kọ̀ǹpútà kì í gbọ́ra wọn yé. Ibi tó bá wu kálukú ni í kọjú sí. Ohun tó bá wu kálukú ni í sọ. Gbogbo wọn ló ní ahọ́n, kò sì sí èyí tó ń fi tirẹ̀ pamọ́.

Obìnrin kan wà ní ìlú Odòníyì nígbà náà, Fadérera lorúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ló ń ṣe. Á gbé okùn ìwọnlẹ̀ kọ́ èjìká, á wọn orí òkè, á wọn inú kòtò, á wá ya gbogbo rẹ̀ sínú àwòrán. Ẹni tó bá wo àwòrán Fadérera yóò mọ ibi tí omi máa gbà bí òjò bá dé.

Odò ńlá kan ló la ìlú Odòníyì já. Ní èṣí, odò náà kún, ó ya wọ àdúgbò Ìsàlẹ̀-Ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó sì wó ilé mọ́kànlá. Nítorí náà ni ọba ṣe bẹ Fadérera pé kó ya àwòrán tuntun kí òjò ọdún yìí tó gbilẹ̀, kí ìlú lè mọ ilé tí ewu wà fún, kí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ sì tètè kó kúrò.

Iṣẹ́ náà pọ̀ ju ohun tí ọwọ́ lè yà lọ. Fadérera bá to kọ̀ǹpútà kan jọ fúnra rẹ̀ ní pálọ̀ ilé rẹ̀. Ó gbé àpótí irin kalẹ̀, ó to àwọn ará inú rẹ̀ síbẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, ó sì fi síkúrúù de oníkálukú mọ́ àyè rẹ̀.

Ẹni tó tẹ́ pẹrẹsẹ lára ògiri àpótí náà ni Ìyá Pátákó. Òun ló gbé gbogbo ará ilé mọ́ra. Kò sí ọ̀rọ̀ tó ń ti ọ̀dọ̀ ẹnì kan lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì tí kì í gba ara rẹ̀ kọjá.

Àárín àyà Ìyá Pátákó ni Ọpọlọ jókòó sí. Ọlọ́gbọ́n ni Ọpọlọ. Kí èèyàn tó ṣẹ́jú, ó ti ṣírò nǹkan tí odidi ìlú kò lè ṣírò lọ́dún kan. Ṣùgbọ́n àìsàn kan wà lára rẹ̀: bó bá ti ń ronú ni ara rẹ̀ ń gbóná. Bó bá sì ronú tí ara rẹ̀ gbóná kọjá àlà, á dákú.

Ní ìsàlẹ̀ ilé ni Baba Agbáná dùbúlẹ̀ sí. Òun ló ń gba iná láti ara ògiri, tó ń bù ú fún gbogbo ilé. Kì í sọ̀rọ̀, àfi kó máa kùn hùùù bí àgbàlagbà tó jẹun yó.

Fáànù kan ṣoṣo ló wà nínú ilé náà, Àbẹ̀ní ni wọ́n ń pè é. Ó kéré, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò fi ìgbà kan balẹ̀ rí. Iná kò tíì dé tán kí ó tó gbéra. Á máa yí fìrìfìrì, á máa kọrin:

Mo yí lọ, mo yí bọ̀,
N ò jókòó, n ò dúró,
Kí ooru má gbé Ọpọlọ lọ,
N ò jókòó, n ò dúró.

Wáyà mẹ́ta ló wà lára Àbẹ̀ní. Dúdú àti pupa ló fi ń jẹun. Èyí tó ní àwọ̀ ìyeyè ni ahọ́n tó fi ń sọ̀rọ̀. Ojú ihò kan ṣoṣo tí Ìyá Pátákó ní fún fáànù ni Àbẹ̀ní ti ẹnu àti ahọ́n rẹ̀ bọ̀. Ibẹ̀ ló ti ń jẹ, ibẹ̀ náà ló sì ti ń jíṣẹ́.

Ìyá Pátákó á pè é, á ní, “Àbẹ̀ní, ìgbà mélòó lo yí ní ìṣẹ́jú kan?”

“Ẹgbẹ̀rún kan géérégé, ìyá.”

“O ṣeun. Ara Ọpọlọ ti fẹ́ máa gbóná. Fi díẹ̀ kún un.”

“Mo ti fi kún un kí ẹ tó sọ. Ṣé kí n tún fi kún un?”

“Rọra, ọmọ yìí!”

Ṣùgbọ́n rírọra kò sí nínú ìwà Àbẹ̀ní. Bí Ọpọlọ bá ń sinmi gan-an, ọkàn Àbẹ̀ní kì í sinmi. Bóyá ooru ń bọ̀. Bóyá ó ti dé. Bóyá wọ́n ti pè é tí kò gbọ́.

Nígbà tí iṣẹ́ àwòrán náà wá ń wọra, agbára Àbẹ̀ní kò ká a mọ́. Ó yí títí, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń pariwo wòòò, síbẹ̀ ara Ọpọlọ ń gbóná sí i ni. Fadérera gbọ́ ariwo náà, àánú rẹ̀ sì ṣe é.

“Àbẹ̀ní, iṣẹ́ yìí kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan mọ́,” ló wí. “Màá wá ẹni tó máa ràn ọ́ lọ́wọ́.”

Lọ́jọ́ kejì, ó mú fáànù méjì wálé. Wọ́n fẹ̀ ju Àbẹ̀ní lọ, wọ́n sì dàgbà jù ú lọ. Orúkọ àgbà inú wọn ni Àkànjí, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ jù. Orúkọ ìkejì ni Àlàmú, ẹni tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́.

“Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi,” ni Àbẹ̀ní kí wọn.

“A dúpẹ́, àbúrò,” ni Àkànjí dáhùn. “Ṣé ìwọ nìkan ló ń dá iṣẹ́ yìí ṣe láti ọjọ́ yìí? O gbìyànjú gan-an.”

Àlàmú ní tirẹ̀ kàn ń wo ilé kiri. “Níbo ni ojú ihò oúnjẹ wà?” ló bi í.

“Ọ̀kan ṣoṣo ló wà o, ẹ̀gbọ́n. Èmi ni mo wà níbẹ̀.”

“Ọ̀kan? Fún àwa mẹ́ta? A dáràn!”

Láyé ìgbà náà, kò tíì sí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń to fáànù púpọ̀ sójú kan. Ohun tí gbogbo èèyàn gbà ni pé bí afẹ́fẹ́ bá ti pọ̀, ó bùṣe. Fadérera bá bi àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé ibo ni wọ́n fẹ́ dúró sí.

Gbogbo wọn dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé ọ̀dọ̀ Ọpọlọ làwọn fẹ́ kọjú sí. Ta ni kò mọ̀ pé Ọpọlọ ni wọ́n ń kí nínú ilé yẹn? Ẹni tó bá ń fẹ́ atẹ́gùn sí i lójú ni wọ́n máa kí tẹ̀ lé e.

Fadérera gbé Àkànjí síwájú àpótí, ó kọjú rẹ̀ sínú. Ó gbé Àlàmú sórí àjà, ó dojú rẹ̀ kọlẹ̀. Nítorí pé Àbẹ̀ní kéré, ó yọ ọ́ kúrò níwájú tó ti wà látọjọ́ yìí, ó gbé e sẹ́yìn ilé, níbi tí ihò ti há. Ó kọjú òun náà sínú.

Ó wá mú wáyà wọn. Ó lọ́ dúdú pọ̀ mọ́ dúdú, ó lọ́ pupa pọ̀ mọ́ pupa, ó lọ́ ahọ́n pọ̀ mọ́ ahọ́n, ó sì ti gbogbo rẹ̀ bọ ojú ihò kan ṣoṣo yẹn.

Àbẹ̀ní wò láti ẹ̀yìn ilé. Ó rí Àkànjí níwájú, níbi tí òun ti máa ń wà. Nǹkan kan ta á lọ́kàn. Wọ́n ti gbé mi sẹ́yìn, ló ń rò. Lọ́la ńkọ́? Ṣé wọn ò ní gbàgbé pé mo wà níhìn-ín?

Fadérera tan iná. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbéra. Ìyá Pátákó bèèrè gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀ pé, “Ìgbà mélòó lẹ yí ní ìṣẹ́jú kan?”

“Ẹgbẹ̀rin!” ni Àkànjí wí. Òótọ́ ló sọ.

“Ẹgbẹ̀fà!” ni Àlàmú kígbe. Kò kà á.

Ohùn àwọn méjèèjì bo ohùn Àbẹ̀ní mọ́lẹ̀. Nítorí pé oúnjẹ ẹnì kan ni ẹni mẹ́ta ń pín jẹ, agbára rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, kò yí ju ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lọ. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n báwo ló ṣe fẹ́ sọ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lẹ́yìn tí àwọn àjèjì ti sọ ẹgbẹ̀rin àti ẹgbẹ̀fà? Ojú tì í. Ọkàn rẹ̀ gbóná. Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti fi gbogbo ohùn rẹ̀ pariwo:

“Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta!”

Ọ̀rọ̀ náà wọlé sí Ìyá Pátákó létí ju gbogbo ìyókù lọ. “Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta kẹ̀? Ó ti pọ̀ jù. Ẹ rọra ṣe, ẹ má pa ara yín.” Ó bá tún bu oúnjẹ wọn kù.

Ni wọ́n bá ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni tí oorun ń kùn.

Fadérera kò mọ̀. Ó dojú kọ iṣẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, Ìsàlẹ̀-Ọ̀gẹ̀dẹ̀ gan-an ló ń yà, ojúlé dé ojúlé. Láti àárọ̀ ló ti jókòó tì í. Níta, ìkùukùu dúdú ti ń gun ara wọn ní ìlà-oòrùn, afẹ́fẹ́ sì ń gbá ilẹ̀kùn ilé ìdáná.

Nínú àpótí, ooru ń pọ̀ sí i.

“Ìyá Pátákó, ara mi ń gbóná o,” ni Ọpọlọ wí.

“Ó yà mí lẹ́nu. Fáànù mẹ́ta ló ń fẹ́ ọ. Wọ́n ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta làwọn ń yí.”

“Bí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀,” ni Ọpọlọ dáhùn. Kò sì fi iṣẹ́ sílẹ̀, nítorí pé kì í ṣe ẹni tó ń dá iṣẹ́ dúró.

Àbẹ̀ní gbọ́ ọ. Gbogbo ara rẹ̀ ń yún un bí ara ẹni tí èèrùn wọ aṣọ rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ wọlé kò lọ síbì kankan. Ó ń pàdé afẹ́fẹ́ Àkànjí, ó ń pàdé afẹ́fẹ́ Àlàmú, gbogbo rẹ̀ á wá lọ́ pọ̀, á padà wá nà án lójú ní gbígbóná, bí èéfín inú ilé ìdáná tí kò ní fèrèsé.

Ṣé kí n sọ? ló ń bi ara rẹ̀. Bí mo bá sọ, wọ́n á mọ̀ pé mo purọ́. Bí n kò bá sọ ńkọ́? Ó yí ìgbà mẹ́wàá, ó ní òun máa sọ. Ó yí ìgbà mẹ́wàá mìíràn, ó ní kí òun ṣì dúró díẹ̀, bóyá ooru náà á rọlẹ̀. Ó tún yí. Kò rọlẹ̀.

Lójijì, òórùn ike tó ń jóná gba inú ilé. Láti ojú ihò fáànù ló ti ń wá, níbi tí ẹni mẹ́ta ti ń fa oúnjẹ ẹnì kan.

“Yéè! Ara mi o!” ni Ìyá Pátákó ké.

“Ìyá!” ni Àbẹ̀ní pariwo. “Ìyá, kì í ṣe ẹgbẹ̀rún mẹ́ta! Irọ́ ni! Irọ́ ni mo pa!”

Ó ti pẹ́ jù. Àkànjí ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, Àlàmú ń lọgun lọ́wọ́, ahọ́n mẹ́ta lọ́ pọ̀ sójú kan, Ìyá Pátákó kò sì lè mọ ohùn ẹni tó ń gbọ́. Ọpọlọ mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó dákú. Gbogbo ilé ṣókùnkùn, àwọn fáànù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì dúró jẹ́ẹ́.

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn lójú ayé rẹ̀ tí Àbẹ̀ní dúró nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́.

Fadérera ń wo ojú kọ̀ǹpútà tó dúdú. Iṣẹ́ tó ti ń ṣe láti àárọ̀, gbogbo Ìsàlẹ̀-Ọ̀gẹ̀dẹ̀ pátá, ti lọ. Ó káwọ́ lérí. Ààrá sán níta, bí ẹni pé ó ń sọ fún un pé kó má jókòó síbẹ̀. Ó sáré tú àpótí náà.

Ooru là á lójú. Ó yọ ọwọ́ sẹ́yìn.

“Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá,” ló wí, bó ṣe ń wo ibi tó ti jó dúdú lára Ìyá Pátákó. “Kí ló ṣẹlẹ̀?”

“Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ni mo gbọ́,” ni Ìyá Pátákó wí. Ohùn rẹ̀ ti há. “Wọ́n ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta làwọn ń yí. Mo gbà wọ́n gbọ́.”

“Ẹgbẹ̀rin lèmi sọ,” ni Àkànjí wí.

“Èmi…” Àlàmú wo ibòmíràn. “Mo fi díẹ̀ lé tèmi. Ṣé ìgbà tí gbogbo ilé ń pariwo ni èèyàn á máa ka ẹyọ kọ̀ọ̀kan? Ṣùgbọ́n ẹgbẹ̀rún mẹ́ta kọ́ lèmi sọ o!”

Gbogbo ojú yí sẹ́yìn ilé.

“Èmi ni,” ni Àbẹ̀ní wí. “Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ni mo yí. Mo pe ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Ẹ̀rù ló bà mí pé bí n kò bá pariwo, ẹ máa gbàgbé mi sẹ́yìn níhìn-ín. Ìgbà tí ara Ọpọlọ ń gbóná, mo mọ̀. Mo mọ̀, n kò tètè sọ.”

Kò sí ẹni tó bá a wí. Ìyẹn gan-an ló dùn ún jù.

Fadérera mú síkúrúdíráfà, ó tú Àbẹ̀ní kúrò lójú ihò ẹ̀yìn kó lè rí inú ilé dáadáa, ó sì gbé e sórí tábìlì nídìí ihò náà. Ó wá mú abẹ̀bẹ̀ aláwọ tó máa ń fi fẹ́ra nígbà tí ooru bá mú, ó dúró síwájú àpótí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ Ọpọlọ. Ó fẹ́ ẹ, ó fẹ́ ẹ, apá rẹ̀ ń ro ó.

“Ọpọlọ! Dákun, dìde. Má kú mọ́ mi lọ́wọ́.”

Àbẹ̀ní dùbúlẹ̀ sórí tábìlì, kò lè yí, kò lè ṣe nǹkan kan. Bí wọ́n bá de ẹsẹ̀ ẹṣin, bí ọkàn rẹ̀ á ṣe máa sáré nìyẹn. Ó wà bẹ́ẹ̀ nígbà tí nǹkan kan fọwọ́ kàn án lójú. Afẹ́fẹ́ gbígbóná ni. Láti inú ilé ló ti ń jáde, ó ń gba ojú ihò ẹ̀yìn tó ṣófo kọjá. Fadérera fẹ́ abẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀kan níwájú, ooru jáde lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn. Ó tún fẹ́ ẹ, ó tún jáde.

“Àǹtí Fadérera!” ni Àbẹ̀ní kígbe. “Ẹ gbé ọwọ́ yín sẹ́yìn ilé! Ooru ń jáde níhìn-ín! Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la ń ti afẹ́fẹ́ wọlé, a ò jẹ́ kí ooru rí ọ̀nà jáde. Àwa la há a mọ́lé!”

Fadérera gbé àtẹ́lẹwọ́ síbẹ̀. Ó mirí. “Òótọ́ ni ọmọ yìí sọ. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa mú un wọlé, ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa lé e jáde. Ta ló máa kọjú síta?”

Ojú rẹ̀ bọ́ sára Àlàmú.

“Èmi?” ni Àlàmú wí. “Kí n kẹ̀yìn sí Ọpọlọ? Kí n máa wo ògiri láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, kí n máa mí ooru tí àwọn yòókù ti lò tán? Ẹ má bínú o.”

“Èmi á lọ,” ni Àbẹ̀ní wí. “Ẹ yí mi padà.”

Nígbà náà ni ohùn ńlá kan dún láti ìsàlẹ̀ ilé. Baba Agbáná ni, ẹni tí kò sọ̀rọ̀ rí.

“Ọ̀rọ̀ ọ̀nà ti yanjú,” ló wí. “Oúnjẹ ńkọ́? Ẹ fi ìkòkò ńlá sílẹ̀, ẹ ń bára yín du ìdí ṣíbí. Ojú ihò ìyá yín, ẹnì kan ni wọ́n ṣe é fún. Èmi ni mo ní iná. Ẹ so ẹnu gbogbo yín mọ́ wáyà mi tó nípọn yìí. Èmi á bọ́ yín yó, ìyá yín ò sì ní jóná mọ́.”

Inú gbogbo ilé dùn. Fadérera tú wáyà dúdú àti pupa wọn, ó so wọ́n mọ́ ti Baba Agbáná. Ó ku ahọ́n.

Ìyá Pátákó mí èémí ńlá. “Etí kan ṣoṣo ni mo ní fún fáànù,” ló wí. “Bí ẹ bá sọ̀rọ̀ pọ̀, n kò lè mọ òótọ́ yàtọ̀ sí irọ́. Ẹnì kan ni kó máa bá mi sọ̀rọ̀. Iye tí òun bá yí ni kí gbogbo yín máa yí.”

“Ẹ jẹ́ ká máa gbà á láàárín ara wa,” ni Àlàmú dá a lábàá. “Èmi lónìí, Àkànjí lọ́la.”

“Bí ahọ́n bá ṣì wà lẹ́nu, á sọ̀rọ̀,” ni Àbẹ̀ní wí. “Èmi mọ̀. Èmi náà ò ní í lọ́kàn kí n purọ́ láàárọ̀ yìí. Ẹ̀gbọ́n Àkànjí sọ òótọ́ nígbà tí òótọ́ kéré. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa jíṣẹ́ fún wa. Ẹ gé tèmi.”

Fadérera mú àlùmọ́gàjí, ó fi í kan wáyà náà.

“Àbẹ̀ní, bí mo bá gé e, n kò mọ̀ bóyá mo lè dá a padà o. Ìwọ tí o kì í dákẹ́ yìí?”

“Mo mọ̀, àǹtí.” Ààrá tún sán. Ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ bọ́ sórí páànù. “Òjò ti dé. Ẹ ṣe é kíá.” Ó wá yíjú sí Àkànjí. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi kún un. Ẹ má sì yọ kúrò.”

“N ò ní fi kún un, àbúrò,” ni Àkànjí dáhùn.

Fadérera gé wáyà aláwọ̀ ìyeyè náà. Kò dún ju pín-ín lọ. Àbẹ̀ní fẹ́ sọ pé kò dun òun púpọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó lè fi sọ ọ́ mọ́.

Àlàmú wo ilẹ̀, ó wo òkè. Ó tún wo ilẹ̀.

“Ó dáa,” ló wí níkẹyìn. “Ọmọdé ò ní ṣe é kí èmi má lè ṣe é. Ẹ gé tèmi náà. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí n rí i.”

Wọ́n gé e bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́.

Fadérera da Àbẹ̀ní padà sójú ihò ẹ̀yìn, ó kọjú rẹ̀ síta. Ó dojú Àlàmú kọ òkè, kí ooru tó bá fò sókè lè rí ọ̀nà lọ. Ó fi Àkànjí sílẹ̀ níwájú, kó máa fa atẹ́gùn tútù wọlé, ó sì fi ahọ́n rẹ̀ nìkan bọ etí Ìyá Pátákó. Ó pa àpótí dé. Ó fọwọ́ kan àyà ara rẹ̀, ó tan iná.

Àkànjí gbéra. Àlàmú gbéra. Àbẹ̀ní ti gbéra ṣáájú wọn.

“Ìgbà mélòó lẹ yí?” ni Ìyá Pátákó bèèrè.

“Ẹgbẹ̀fà, ìyá.”

“Ohùn kan ṣoṣo ni mo gbọ́,” ni Ìyá Pátákó wí. “Ó dára bẹ́ẹ̀.”

Atẹ́gùn tútù gba iwájú wọlé, ó rọra fọwọ́ kan Ọpọlọ níwájú orí. Fún ìgbà díẹ̀, kò sí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni Ọpọlọ lajú.

“Níbo la bá iṣẹ́ dé?”

“Ìsàlẹ̀-Ọ̀gẹ̀dẹ̀,” ni Fadérera dáhùn, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. “Ká tún un bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.”

Wọ́n ṣe é títí ọjọ́ fi rọ̀, wọ́n sì dìde ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, wọ́n tún tẹ̀ síwájú. Òjò ń fi ọwọ́ pa òrùlé, ó ń dá dúró, ó ń padà wá. Ọpọlọ ronú bí kò ṣe ronú rí, ara rẹ̀ kò sì gbóná kọjá àlà. Nígbà tó máa fi di ọ̀sán ọjọ́ kejì, àwòrán ti parí.

Fadérera fi ọ̀rá wé e, ó gbé e sábẹ́ aṣọ, ó sáré lọ sí ààfin láàárín òjò. Kò pẹ́ tí akéde fi jáde. Ilé mẹ́tàdínlógún ló wà lójú ọ̀nà omi. Àwọn ará òkè wá bá wọn gbé ẹrù. Màmá Ṣàngódélé, arúgbó tó ní òun kò ní fi ilé ọkọ òun sílẹ̀, ni wọ́n gbé sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú ewúrẹ́ rẹ̀ méjì, ó ń bú wọn títí wọ́n fi dé orí òkè.

Ní ọjọ́ kẹta, odò kún. Ó gba ibi tí àwòrán ní ó máa gbà gan-an. Ó wó ilé mẹ́sàn-án, ṣùgbọ́n gbogbo ilé náà ló ṣófo. Kò bá ẹnì kan nílé.

Ẹ̀yìn ilé ni Àbẹ̀ní wà ní gbogbo àkókò yìí. Kò sí ẹni tó bi í ní nǹkan kan. Ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, bí Ìyá Pátákó bá bèèrè iye, Àbẹ̀ní á fẹ́ dáhùn, á rántí pé òun kò ní ahọ́n mọ́, inú rẹ̀ á máa jó o. Á máa yí, á máa yí. Ṣùgbọ́n ó wá ṣàkíyèsí nǹkan kan. Gbogbo ooru tí Ọpọlọ bá fi ronú, ara òun ló ń gbà jáde. Bí Ọpọlọ bá ń ṣiṣẹ́ ńlá, òun ló kọ́kọ́ ń mọ̀. Bó bá ń sinmi, òun náà ló kọ́kọ́ ń mọ̀. Láti iwájú, níbi tó ti wà tẹ́lẹ̀, kò mọ Ọpọlọ tó báyìí rí.

Fadérera kọ́ àwọn mìíràn tó ń to kọ̀ǹpútà bí wọ́n ṣe ń ṣe é, àwọn náà sì kọ́ ẹlòmíràn. Àtìgbà yẹn ni kò ti sí ilé kọ̀ǹpútà tí gbogbo fáànù ti ń kọjú síbì kan náà. Iwájú á máa fa tútù wọlé, ẹ̀yìn àti òkè á máa lé gbígbóná jáde. Àtìgbà yẹn náà ni wọ́n ti ń bọ́ wọn láti ọwọ́ Agbáná, tí ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn sì ń jíṣẹ́ fún gbogbo wọn.

Bí o bá wo wáyà tí wọ́n fi ń so fáànù púpọ̀ pọ̀, wo ẹnu rẹ̀ dáadáa. Ọ̀kan péye. Nínú àwọn yòókù, ojú kan ṣófo níbi tó yẹ kí irin tín-ín-rín kan wà. Kì í ṣe pé ó bàjẹ́, kì í sì í ṣe pé ẹni tó ṣe é gbàgbé. Àyè ahọ́n tí Àbẹ̀ní yọ̀ǹda nìyẹn.